Alẹ́ tí àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀yìn sí olórin ní Kàbà

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí wáyé ní Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, nígbà ọdún Kérésì, lásìkò tí àwọn ọmọ Okun, àwa Yorùbá Kogi, tó ń gbé Èkó, Àbújá àti Lọ́kọ́ja ti wọlé. Olórin jùjú kan tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe kékeré ní ìhà Èkìtì àti Kwara ni wọ́n gbé wá ṣeré lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n gba owó lẹ́nu géètì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó sanwó ní géètì ti dìde lórí àga, wọ́n kẹ̀yìn sí olórin, wọ́n sì ń kọ orin rẹ̀ fúnra wọn láìdúró dè é. Àwọn kan ní ọtí ló ń ṣe wọ́n. Àwọn kan ní iná tó lọ ló bí wọn nínú. Mo wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, mo bá àwọn kan nínú àwọn tó wá wòran sọ̀rọ̀, mo bá onílù kan nínú ẹgbẹ́ olórin náà sọ̀rọ̀, mo sì bá ọ̀kan nínú àwọn tó gba tábìlì níwájú sọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn kọjá ọtí, ó sì kọjá iná.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kàbà kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ọjà kan náà la jọ ń ná, olórin náà sì ṣì ń fi iṣẹ́ rẹ̀ jẹun.

Ẹni tó gbé eré náà kalẹ̀ ta ohun méjì. Tíkẹ́ẹ̀tì géètì jẹ́ ₦3,000. Àga rọ́bà lo máa jókòó lé, bí o bá tètè dé. Tábìlì jẹ́ ₦150,000 fún èèyàn mẹ́wàá, lábẹ́ kánópì níwájú ìtàgé gan-an, tòun ti ọtí àti ẹran. Pósítà tí wọ́n lẹ̀ káàkiri ọjà títí dé ọ̀nà Lọ́kọ́ja kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Àwòrán olórin náà ló wà níbẹ̀, jìtá lọ́rùn rẹ̀, "aago méje alẹ́" sì wà nísàlẹ̀. Ó tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó méjèèjì yìí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Olùkọ́ kan tó ń gbé ní Ìyàrà gbé ìyàwó rẹ̀ wá kí oòrùn tó wọ̀. Ó ti ń ra kásẹ́ẹ̀tì olórin náà láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà lọ́jà, orin kan sì wà nínú wọn tí tọkọtaya náà jó wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Orin yẹn ló torí rẹ̀ wá. Ọlọ́kadà kan láti ìhà Bùnú ní owó géètì yẹn jẹ èrè òun fún odindi ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n òun kò tíì fi ojú òun rí olórin ńlá kankan rí, inú fóònù ni òun ti ń gbọ́ wọn. Ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Ìsánlú kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, gèlè kan náà. Àgùnbánirọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" àti "èló ni" lọ. Awakọ̀ akẹ́rù kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọbajana gba ojú ọ̀nà kọnkéré yẹn wá, èyí tó tó kìlómítà 43 láti Ọbajana dé Kàbà. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí òun dé. Nọ́ọ̀sì kan láti Ẹ̀gbẹ̀ náà wá, òun àti àbúrò rẹ̀.

Aago méje kọjá. Mẹ́jọ kọjá. Nígbà tí ó di mẹ́sàn-án, ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ ń pe "wọ́ọ̀nù, tú, wọ́ọ̀nù, tú" sínú máìkì, àwọn ọmọdé ń jó sí i. Nǹkan bí aago mọ́kànlá ni bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ náà tó wọlé. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé pípẹ́ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ òde jùjú rí mọ̀ pé aago tó wà lára pósítà, aago ẹni tó ń to àga ni. Àti pé ìdí wà fún un: láti Adó-Èkìtì ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n gba Ọmùò, awakọ̀ wọn sì kọ̀, ó ní òun kò ní dá ọ̀nà yẹn tọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, àfi kí ọkọ̀ mìíràn dara pọ̀ mọ́ àwọn. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń fojú àwọn arìnrìn-àjò rí màbo lápá ọ̀dọ̀ wa, mi ò mọ ẹni tó máa dá irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ní ẹ̀yìn mìíràn tí àwọn tó ń gbé Èkó lè má mọ̀. Ní Èkó, bí eré kò bá dùn mọ́ ẹ, wàá gbé ara ẹ ńlẹ̀, wàá wá ọkọ̀ lọ sílé. Ní tiwa, ẹni tó bá ti Ìyàrà tàbí Ìsánlú wá kò gbọdọ̀ rìn padà láàárín òru. Ẹni tó bá ti wọ pápá yẹn lálẹ́ ti di ará ibẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí inú bá bí i, ibẹ̀ náà ni yóò jókòó sí pẹ̀lú inú bíbí rẹ̀.

Wákàtí àkọ́kọ́ dùn. Kò sí ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ tó sọ pé kò dùn. Jìtá mẹ́ta, gangan méjì, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tó ń gbe orin, aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀. Ọyẹ́ ti gbẹ awọ ìlù dáadáa, gangan yẹn ń dún gooro, ó ń lọ sókè ju bí onílù náà fúnra rẹ̀ ti fẹ́ lọ. Mo rí i tó ń tú ọsán ìlù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín orin. Olórin náà kí wa ní "Okun o!", pápá sì dáhùn. Ìyá tó wá láti Ìsánlú sọ fún mi pé nígbà tí jìtá àkọ́kọ́ wọlé, òun kò mọ ìgbà tí òun bọ́ bàtà. "Nínú fóònù, orin ni ò ń gbọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n lójú agbo, àyà rẹ ni jìtá ń lù." Ọlọ́kadà yẹn ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé olórin náà kúrú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ènìyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ òde jùjú mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹnì kan dìde láti ìdí tábìlì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó jó wá síwájú olórin, ó ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, olórin á mú orúkọ rẹ̀, á mú ti bàbá rẹ̀, ti ìyàwó, ti iléeṣẹ́, gangan á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, ní abala 21, sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà tàbí tó ń jó lórí rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a kò ka òfin náà sí. Nígbà tí ilé ẹjọ́ kan ní Èkó wá fi Bobrisky sẹ́wọ̀n oṣù 6 nítorí rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024, gbogbo òde ta gìrì. Nítorí náà, ní Kàbà lóru ọjọ́ yẹn, àwọn onítábìlì kò lẹ owó mọ́ ẹnikẹ́ni. Tìránsífà ni wọ́n ń ṣe. Ọmọkùnrin kan ń gbé bébà láti tábìlì sí tábìlì, wọ́n ń kọ orúkọ wọn àti ti àwọn tí wọ́n fẹ́ kó kí sí i, ọmọ náà á sáré gbé e lọ sórí ìtàgé.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí orin. Nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kí òun ní láti dìde jó, ó ní láti gbé ara rẹ̀ jáde kí gbogbo èèyàn rí i, owó ọwọ́ rẹ̀ á sì tán. Ijó rẹ̀ gan-an jẹ́ ìran fún àwa tó kù. Bébà kì í jó. Bébà kì í tán. Olórin náà dúró, ó fi máìkì sẹ́nu, ó ń ka orúkọ bí tíṣà tó ń pe ọmọ kíláàsì láàárọ̀, jìtá ń yí lójú kan lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jó níwájú. Àwọn onítábìlì jókòó sídìí ìgò wọn, wọ́n ń fi fóònù gba orúkọ ara wọn sílẹ̀.

Àwọn orin wà láàárín rẹ̀ o, n kò purọ́. Ó máa kọ ẹsẹ kan, ẹsẹ kejì, bébà á dé. Ó fẹ́ẹ̀ kọ orin olùkọ́ ará Ìyàrà yẹn ní nǹkan bí aago kan òru. Ó mú u bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà ti dìde, ó ti na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀, orin sì ṣẹ́ lójijì nítorí alága kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Àbújá. Olùkọ́ náà ní ìyàwó òun padà jókòó láìsọ̀rọ̀, ó sì fi ìbòrí bo èjìká rẹ̀ bíi pé òtútù ló mú un.

Àṣìṣe kan wà tó mú èrò rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Olórin náà ké pé, "Ẹ̀yin ará Kwara, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" Òótọ́ ni pé abẹ́ Kwara la wà títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, àwọn àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ rántí rẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan ké padà láti ẹ̀yìn pé, "A ti kó kúrò!" Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín kò pọ̀ mọ́.

Nǹkan bí aago méjì, iná lọ. Kì í ṣe iná NẸ́PÀ, ìyẹn kò tilẹ̀ wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé ẹ̀rọ olórin àti iná pápá, àwọn tó ń ta ohun mímu sì ti fi wáyà fíríìsà méjì sí i láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mọ́tò fíríìsà bá ń gbéra, iná tó ń fà máa ń jẹ́ ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń fà nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Méjèèjì gbéra pọ̀, agbára iná rẹlẹ̀, àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé ohùn sì pa ara wọn kí wọ́n má bàa jó. Jẹnẹrétọ̀ náà pohùn rẹ̀ dà, ó kú. Òkùnkùn. A ń gbọ́ tí ẹnì kan ń bú ẹnì kan nídìí jẹnẹrétọ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni gbogbo àwọn tó wà níwájú ṣì ń sọ títí di òní. Onígangan kò dúró. Ó ń lù lọ nínú òkùnkùn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbà á, àkúbà gbà á. Olórin náà sọ̀kalẹ̀ láti orí ìtàgé, wọ́n tan iná fóònù sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu lásán kọrin. Kò sí bébà tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i kà. Odindi orin ló ń kọ, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Àwọn ènìyàn ti orí àga rọ́bà wọn wá, wọ́n gba àárín àwọn tábìlì kọjá, wọ́n yí i ká. Ìyá tó wá láti Ìsánlú ń gbe orin pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Ọlọ́kadà yẹn ní ó kù díẹ̀ kí òun fọwọ́ kan onígangan. "Bóyá àwọn tó ń gba tábìlì kò mọ̀ pé bó ṣe dùn tó nìyẹn," ó ní.

Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ nǹkan kan. Èyí náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, nítorí ìtàn òkùnkùn yẹn ti ń di àwíyé ní Kàbà, bíi pé gbogbo pápá ló gbádùn rẹ̀. Lórí pápá tí kò ní ògiri tàbí òrùlé, ìgbàkígbà tí jíjìnnà ènìyàn sí ohùn bá di ìlọ́po méjì, ohùn náà á fi nǹkan bí dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 6 (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó) rẹlẹ̀. Ẹni tó wà ní mítà 5 sí ìlù ń gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó wà ní mítà 40 ti pàdánù nǹkan bí 18. Awakọ̀ tó wá láti Ọbajana wà nídìí ògiri lẹ́yìn pátápátá. Ó ní ohun tí òun gbọ́ ni "gbì, gbì" àti ariwo àwọn tó ń wá ọmọ wọn nínú òkùnkùn.

Iná dé. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó hu gooro, gbogbo èèyàn di etí. Olórin náà padà sórí ìtàgé, ó nu ojú, ó ní ká pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run. A pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ gba bébà tó ti pé bí òkìtì lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ó sì mú orúkọ àkọ́kọ́.

Ibẹ̀ ló bàjẹ́ sí. Bí iná kò bá lọ, mo rò pé àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì ì bá jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí wọ́n kùn díẹ̀, kí wọ́n sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tọ́ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá wò. Ẹnì kan kọ́kọ́ pariwo pé, "Orin! Orin la wá gbọ́!" Olórin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń bọ̀. Ó ka orúkọ kejì. Ní apá òsì, àwọn ẹgbẹ́ aláṣọ Ìsánlú dìde, wọ́n yí àga wọn padà, wọ́n kẹ̀yìn sí ìtàgé, ìyá náà sì mú orin kan jáde, ọ̀kan nínú àwọn orin olórin náà gan-an. Orin olùkọ́ yẹn ni. Kò mọ olùkọ́, kò mọ ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun kàn rántí pé orin yẹn ni wọ́n já gbà lẹ́nu wa. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo àgbàlá ẹ̀yìn ti gbà á. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ sí i, wọ́n ń fi ìgò lu àga. Lórí ìtàgé, olórin ń ka orúkọ sínú máìkì. Nísàlẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ń kọ orin rẹ̀ lé e lórí.

Onílù ló yanjú rẹ̀. Onígangan kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin, yí kúrò nínú ohun tí wọ́n ń lù lórí ìtàgé, ó bá àwọn tó wà nísàlẹ̀ lu tiwọn. Ohùn wọn rẹlẹ̀ ju bí olórin ṣe máa ń kọ ọ́ lọ, nítorí náà oníjìtá wá ibi tí wọ́n wà, ó fi ìka wá a kiri, ó rí i. Kò kù sẹ́ni tó ń bá olórin náà ka orúkọ mọ́. Ó gbé bébà sórí sípíkà. Ó gba orin náà lẹ́nu ìyá yẹn ní ẹsẹ kejì, ó sì kọ ọ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Olùkọ́ àti ìyàwó rẹ̀ jó. Tábìlì méjì dìde kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ọ̀kan nínú wọn sì ní kí wọ́n dá owó òun padà.

Ọ̀kan nínú àwọn onítábìlì náà gbà láti bá mi sọ̀rọ̀, oníṣòwò kaṣú ni. Kò tìjú, kò sì bínú. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ń sọ pé a ba eré jẹ́ fún àwọn," ó ní. "Ta ló san owó dísẹ́ẹ̀lì? Ta ló san owó kánópì? Bí àwa kò bá gba tábìlì, ₦3,000 wọn kò lè gbé olórin yẹn kọjá Ọmùò." Ó tún ní òun ti fi orúkọ ìyá òun sí bébà yẹn, ìyá tí wọ́n sin lọ́dún tó kọjá, òun fẹ́ gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu olórin tó fẹ́ràn jù láyé. Orúkọ rẹ̀ ló kàn nígbà tí wọ́n gbé bébà sórí sípíkà.

Mo rò ó títí. Mi ò rí bí mo ṣe lè dá ọkùnrin yẹn lẹ́bi.

Onílù náà sọ apá tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Owó tí wọ́n fi pè wá kò kọjá ọkọ̀, oúnjẹ àti nǹkan díẹ̀ fún ọ̀gá. Ohun tí wọ́n bá ná wa lójú agbo la máa ń pín." Àwọn mẹ́rìnlá ni wọ́n wá. Bí ọ̀gá wọn kò bá ka orúkọ, àwọn mẹ́rìnlá máa wọ bọ́ọ̀sì padà pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Mo bi í léèrè pé kí ló wá dé tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìlù bá àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọdé ni, orin ló gbé e lọ, ọ̀gá sì ti bá a wí nínú bọ́ọ̀sì.

Àgùnbánirọ̀ yẹn ni kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀kan. Kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà orúkọ àti orin, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ létí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kí ènìyàn tí gangan sì ń dáhùn ló dùn mọ́ ọn jù. Ó ní òun kò mọ̀ pé ìlù lè sọ̀rọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó rò pé àwọn tó kẹ̀yìn sí ìtàgé wà lára eré náà.

Nọ́ọ̀sì tó wá láti Ẹ̀gbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà nípa orúkọ. Ẹ̀gbẹ́ sípíkà ló dúró sí láti aago mọ́kànlá, etí rẹ̀ sì ń hó títí di ọjọ́ kejì. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde fún ibi tí wọ́n ti ń ṣeré orin: kí ìpíndọ́gba ohùn níbẹ̀ má kọjá dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 100 láàárín ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì wá ibi dídákẹ́ tí ènìyàn ti lè sinmi etí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó mú ohun ìwọ̀n wá sí pápá, ṣùgbọ́n obìnrin kan gbé ọmọ ọwọ́ pọ̀n níwájú sípíkà yẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó bọ́ sẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ láti orí èmi náà.

Ẹni tó bá fẹ́ dá olórin lẹ́bi ní láti rántí ibi tí jùjú ti ń bọ̀. Láti ìgbà tí gangan ti wọ inú jùjú lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni kíkí àwọn ọlọ́lá ti túbọ̀ rídìí jókòó nínú rẹ̀. Òde ìyàwó, òde ìsìnkú, òde oyè ló bọ́ àwọn ẹgbẹ́ ńlá dàgbà. Ní irú òde bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó sanwó wọlé. Olówó ayẹyẹ ló pe olórin, àwa yòókù jẹ́ àlejò, àlejò kì í sì í yan orin. Ṣùgbọ́n eré tí a ń sanwó wọlé wò náà wà láàárín wa, tipẹ́tipẹ́. Àwọn tó ń lọ bá Fẹlá ní Shrine ní Èkó ń sanwó ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì mọ ohun tí wọn kò ní rí gbà: Fẹlá kì í kọ orin tó bá ti wà nínú àwo mọ́ lójú agbo. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti àtijọ́, kó lọ ra àwo rẹ̀. Ó le, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba, kò sì sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ tó ń retí ohun tí kò ní dé. Nígbà tí Sunny Adé gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1983, kò mọ bàbá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ débi tí yóò fi kí wọn. Orin ni wọ́n rà, orin ló fún wọn. Ọ̀nà méjèèjì ni àwọn olórin wa mọ̀.

Ní Kàbà, wọ́n ta méjèèjì pọ̀ nínú pápá kan lóru kan. Àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì ra orin. Àwọn onítábìlì ra orúkọ ara wọn. Olórin kan ṣoṣo ló wà tó máa fún àwọn méjèèjì ní ohun tí wọ́n rà, ní wákàtí kan náà, ọ̀dọ̀ àwọn onítábìlì sì ni owó oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń bọ̀. Ẹni tó gbé eré náà kalẹ̀, tó ní pósítà yẹn, ni mo fi ẹ̀sùn kàn, bí ẹ̀sùn bá máa wà. Kò sọ ohun tó ń tà.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ó pe àwọn kan jọ sílé rẹ̀: oníṣòwò kaṣú, olùkọ́, ìyá ará Ìsánlú, ọlọ́kadà (tíṣà ló mú un wá), àti èmi. Ó fún wa ní omi àti ẹ̀pà. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀, eré á bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, orin nìkan, kò sí bébà, títí di aago mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn onítábìlì máa gba olórin, ẹni tó bá wù sì lè dúró. Jẹnẹrétọ̀ méjì, fíríìsà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ti ìtàgé. Oníṣòwò kaṣú ní ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìyá òun ni kó kọ́kọ́ mú. Ìyá ará Ìsánlú bi ẹni tó gbé eré kalẹ̀ léèrè pé ta ló máa san owó àwọn onílù fún wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ tí kò sí kíkí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní tíkẹ́ẹ̀tì géètì á di ₦5,000.

Olùkọ́ ní òun máa san án. Ọlọ́kadà ní òun kò ní san án, pé ògiri pápá yẹn kò ga, òun á gbé ọ̀kadà òun síbẹ̀, òun á dúró lé e lórí, òun á gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó gbé eré kalẹ̀ ní òun á fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Ìyá ará Ìsánlú ní bó bá fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀, òun àti ẹgbẹ́ òun kò ní wá. Lórí ibẹ̀ ni a wà tí ilẹ̀ fi ṣú, tí olùkọ́ sì ní òun gbọ́dọ̀ máa lọ nítorí ọ̀nà.